Àna Tó Kẹ̀yìn Sí Ìyá Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tí ó tún jí wa sáyé lónìí, tí ó sì fún ojú wa ní agbára láti kàwé. Bí ó bá ti rẹ̀ yín rí títí tí ẹ kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju ibùsùn yín lọ, tiyín ni ìtàn yìí.

Ó ti rẹ ìyá àgbà kan, Dulcie, kí bọ́ọ̀sì tó dúró rárá. Láti ìgbà òjò tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù ìlú ńlá. Ilé àlejò ni ó ń sùn níbẹ̀, láàrin àwọn arúgbó tí ń húkọ́ ní gbogbo òru. Wọ́n wá fún un ní ọjọ́ méjì péré kí ó tó padà sídìí ẹ̀rọ, inú ilé rẹ̀ létí odò ni ó sì ti fẹ́ lò ó.

Bọ́ọ̀sì àwọn tí ń rìnrìn-àjò afẹ́ tí ó wọ̀ kì í kọjá ilé ìgbàlejò igbó tí ìjọba ń ṣọ́, níbi tí àwọn àjèjì ti máa ń wá kọ́ nípa àṣà àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn onílẹ̀ tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ibẹ̀ ni ọmọ àbúrò rẹ̀ yóò ti wá fi ọkọ̀ gbé e.

Bronwyn, ọmọbìnrin òyìnbó tí ń gba àlejò, fà á lọ́wọ́ wọlé.

"Àǹtí, ẹ jókòó ná. Wọ́n pè láti ilé. Ọkọ̀ wọn ti kú."

"Ìyẹn ti ń kú láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á," ni Dulcie wí. Ó jókòó.

"Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní òun á dá yín padà sí ìlú, tí àwọn àlejò bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tán."

Dulcie ń wo ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà níta, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ti Clifton ni, ọkọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò mọ ọkọ̀ wà.

Clifton yìí gan-an ni ó ń ṣàlàyé fún àwọn àlejò nínú gbọ̀ngàn. Bí ó ti gbóhùn Dulcie, ó yí padà bìrí, ó kọjú sí àwòrán ọ̀nì ńlá kan lára ògiri, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, àwa nìyí o," ni bàbá kan tí ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn wí. "Àbí ọ̀nì lẹ̀ ń kọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Ìyá ìyàwó mi ló wọlé. Mi ò gbọdọ̀ wojú wọn, mi ò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, a kì í sì í jókòó pọ̀."

"Ẹ̀ ń bá wọn jà ni?"

"Rárá o. Bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn nìyẹn."

Obìnrin kan mí kanlẹ̀. "Èmi ni kò rí irú ọkọ ọmọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwa, àna á dọ̀bálẹ̀; lọ́dọ̀ wọn, àna á kẹ̀yìn. Dulcie kò rẹ́rìn-ín. Òun náà ti yí àga rẹ̀ sí fèrèsé.

Bronwyn fẹnu sí i létí. "Àǹtí, ṣé kí n ní kó gbé yín? Ẹ jókòó sẹ́yìn. Kò ní bojú wẹ̀yìn."

"Kí èmi àti ẹni yẹn wà nínú ọkọ̀ kan? Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo ti ń ṣiṣẹ́ níbí?"

"Ta ló máa rí yín?"

Kí n má parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn díẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò rí wọn lóòótọ́? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ọmọ rẹ̀ fún Clifton ni ó ti ń pa òfin yìí mọ́. Ẹ̀rọ ọsibítù ti fọ ẹ̀jẹ̀ òun, ó rò lọ́kàn, kò tíì fọ ìyẹn kúrò níbẹ̀. Ó di ojú, ó bẹ Olúwa jẹ́jẹ́.

Bọ́ọ̀sì fọn fèrè. Àwọn àlejò ń jáde. Dulcie di apá àga mú, ó dìde, ó nawọ́ sí àpò rẹ̀ láti padà sí ìlú.

"Bron," ni Clifton wí fún ọ̀nì, ó gbóhùn sókè. "Ṣé o lè wa ọkọ̀ mi?"

"Mo lè wà á, àmọ́ mi ò mọ ojú ọ̀nà iyanrìn yẹn. Ó pín síhìn-ín pín sọ́hùn-ún. Mo máa sọnù."

"Èmi á wà lẹ́yìn níta. Tí mo bá lu òrùlé lẹ́ẹ̀kan, yà sósì. Lẹ́ẹ̀mejì, yà sọ́tùn-ún."

"Tó o bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta ńkọ́?"

"Mo ti jábọ́ nìyẹn."

Dulcie ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó sọ fún fèrèsé pé, "Kí ẹnì kan sọ fún ẹni yẹn pé eruku pọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀."

"Bron, bá mi sọ fún ìyá pé eruku ò pa èèyàn."

Bronwyn ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ó fi Dulcie jókòó níwájú ọkọ̀, ó fi súwẹ́tà rẹ̀ bo gíláàsì ẹ̀yìn kí àna méjèèjì má baà rí ara wọn, wọ́n sì gbéra. Dulcie mọ ọ̀nà náà dáadáa. Ó ti pinnu pé òun yóò máa júwe rẹ̀ fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé odò gbígbẹ, orí rẹ̀ ti wúwo fún oorun. Ó gbọ́ gbà lórí òrùlé. Ọkọ̀ yà sósì. Ó gbọ́ gbà-gbà. Nígbà tí wọ́n dé oríta ọ̀pọ̀tọ́ tí kò gbọ́ nǹkan, ó la ojú, ó ń bẹ̀rù pé ọmọ ọlọ́mọ ti jábọ́. Òrùlé dún. Ó tún sùn.

Nígbà tí ó jí, òòrùn ti ń wọ̀, wọ́n sì wà níwájú ilé rẹ̀. Clifton ti bọ́ sílẹ̀, ó dúró lábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán, ó kẹ̀yìn, eruku ti sọ ọ́ di pupa láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé kí n bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" ni Bronwyn bi í.

"Sọ fún un pé omi wà nínú dúróòmù. Kó fọ ojú rẹ̀ kó tó padà."

Ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn rẹ̀ láìbọ́ aṣọ. Ó ń gbọ́ omi níta, ó ń ya ṣàà, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń ya. Kò jẹ́ kí oorun gbé òun lọ títí omi náà fi dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, kí Olúwa dá yín dé ibùsùn yín ní àlàáfíà. Ọjọ́ tí agbára yín bá tán, kí ẹ má ṣe wá ẹni tí yóò jókòó sínú eruku nítorí yín tì. Àmín.