Ìṣẹ́jú Àádọ́ta láti Ìlọrin

1.
...ìṣẹ́jú àádọ́ta péré, wọ́n ní. Òun ni wọ́n fi yàn mí jẹ.

2.
Ohun tó wà lójú fóònù ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Alàájì Tìrìmísíyù:

ÌLỌRIN – ÈKÓ
Ọ̀nà òfuurufú: nǹkan bíi kìlómítà 245
Ìrìn bàálù: ìṣẹ́jú 50

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò wò:

ÌKÒRÒDÚ – Ẹ̀PẸ́
Èmi.

3.
Mi ò lọ sílé ìwé. Kúbúrátù, ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló kọ́ mi ní kéú àti ìwé nínú ilé. Wọ́n tún kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú obìnrin. Ara wọn ni wọ́n fi kọ́ mi. Ọ̀tún kọ́kọ́. Ọwọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Nígbà ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá, wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí: "Toyyibah ni kó wẹ̀ mí o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ṣe àmín.

4.
Wáásáàpù ẹbí, Àtàláátà

6:12 ALÀÁJÌ: Ínnà lílláhì. Màmá ti lọ, lẹ́yìn Àsùbáà. A máa kírun sí wọn lára lẹ́yìn Àìlá, níbí ní Ẹ̀pẹ́.

6:15 ÈMI: Mo ti ń bọ̀ láti Ìkòròdú, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró kí n wá wẹ̀ wọ́n.

6:20 BÙRỌ̀DÁ SAHEED (àbíkẹ́yìn Màmá, Ìlọrin ni wọ́n ń gbé): Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí bàálù aago mọ́kànlá. Ẹ má sin wọ́n láìjẹ́ pé mo dé.

6:21 ALÀÁJÌ: Kò séwu, Saheed. Ìṣẹ́jú àádọ́ta ni. A ó dúró.

Mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́.

5.
Táyà bẹ́ ní Ìtoìkín. Mo gun ọ̀kadà dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàálù Bùrọ̀dá Saheed ò tíì gbéra.

6.
ÈMI: Àǹtí, omi dà?

ÀǸTÍ HANIFAH (ìyàwó Alàájì): A ti wẹ̀ wọ́n. Aago mẹ́sàn-án la parí.

ÈMI: Wọ́n ní èmi ni.

ÀǸTÍ: Ìwọ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá kí ẹ, ilẹ̀ lò ń wò. Ṣé òkú lo fẹ́ wá kọjú sí?

ALÀÁJÌ: Ẹ̀sìn ò fẹ́ ká fi òkú falẹ̀, ọmọ mi. Lọ jókòó.

Mo jókòó.

7.
10:58 BÙRỌ̀DÁ SAHEED: Wọ́n ní ó máa pẹ́ díẹ̀.

12:40 BÙRỌ̀DÁ SAHEED: Wọn ò tíì pè wá.

12:41 ALÀÁJÌ: Kò séwu. A ti sún un di Alásàárí.

3:04 BÙRỌ̀DÁ SAHEED: Mo ti bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Kí ni mo máa wọ̀ dé Ẹ̀pẹ́?

8.
Ohun tó wà nínú báàgì mi:
kànrìnkàn tuntun
ọṣẹ
lọ́fínńdà tí Màmá fọwọ́ ara wọn rà, tí wọ́n ní kí n tọ́jú

9.
Èmi àti Màmá, yàrá kan náà, ó lé ní wákàtí méje. Wọ́n ti fi aṣọ funfun dì wọ́n. Omi kún inú kànga.

Alásàárí náà kọjá. Ẹnikẹ́ni ò tún sọ pé à ń fi òkú falẹ̀.

10.
Aago márùn-ún ààbọ̀. Bùrọ̀dá Saheed wọlé, wọ́n ń sunkún. Wọ́n fẹ́ rí ojú ìyá wọn.

ALÀÁJÌ: Ẹ tú u fún un.

ÀǸTÍ: Kí Toyyibah tú u. Màmá kọ́ ọ jù mí lọ.

ALÀÁJÌ: Toyyibah, dìde. Yára, ilẹ̀ ń ṣú.

11.
Mo gbé ọwọ́ lé kókó aṣọ funfun tó wà lókè orí wọn.

Mi ò tíì tú u.

12.
Mi ò wo ilẹ̀.

ÈMI: Ẹ bu omi wá. Màmá ní kí èmi wẹ àwọn.

Alàájì ni wọ́n ń wo ilẹ̀.