Àwọn Mẹ́ta Tó Fẹ́ Máa Gbé Lẹ́tà Mi

Ẹ fún mi ní àga kí n jókòó ná. Àlá tí mo lá lóru àná kì í ṣe èyí tí èèyàn ń dúró sọ.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá Ìbídùnní ti kú, èmi nìkan ló kù nínú ilé yẹn. Ìbídùnní ọmọ mi wà ní Kánádà. Ó fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí mi pé ká máa kọ ímeèlì síra wa, torí etí mi ò gbọ́ fóònù dáadáa mọ́. Fáṣèyí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa wá sọ fún mi pé ètò ímeèlì mẹ́ta kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí n yan ọ̀kan. Ohun tí mo ń rò nìyẹn tí oorun fi gbé mi lọ.

Ni mo bá bá ara mi nínú ọ́fíìsì kan tó léfòó lókè àwọn àpáta Ìdànrè. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀gá kan tó so táì jókòó sídìí tábìlì.

Ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀. Àwọn tó fẹ́ máa gbé lẹ́tà yín ti dé. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó bá wù yín."

Àkọ́kọ́ wọlé. Àpótí irin ńlá ni, àpò ló kún gbogbo ara rẹ̀. Ó fa kàlẹ́ńdà yọ, ó fa aago yọ. Ó ní, "Mo lè rán yín létí ọjọ́ ìbí. Lẹ́tà àwọn gbájúẹ̀, mo máa ń dà á nù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń wúwo sí i, tí ọ́fíìsì náà ń rì lọ sísàlẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ẹ má fòyà. Bó ṣe máa ń ṣe kọ̀ǹpútà tó bá ti gbó nìyẹn."

Ìkejì fẹ́lẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ó yára, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa.

Mo bi í pé, "Tí àlejò tí n kò mọ̀ bá kan ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Màá ṣí i fún un, Bàbá. Tó bá mú àwòrán dání, màá ṣí àwòrán náà kí ẹ tó ní kí n ṣí i."

Kò tíì sọ tán tí ọkùnrin kan fi jáde látinú àwòrán òdòdó kan tó ti ṣí, ó bọ́ bàtà tó kù lẹ́sẹ̀ mi, ó sì gba ojú fèrèsé lọ. Mo ní kó máa rọra.

Àgádágodo kékeré ni ìkẹta. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Lẹ́tà tí ẹ bá kọ, màá tì í pa. Ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí nìkan ló lè ṣí i. Èmi gan-an ò lè kà á."

"Tí mo bá wá gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé mi?"

"Ó parí nìyẹn, Bàbá."

Mo wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́ jáde: "Èwo nínú yín ló lè gbé lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ ìyá Ìbídùnní?"

Àpótí tú gbogbo àpò rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Abẹ̀bẹ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo yíjú sí ọ̀gá, ó ti di òbúkọ, ó ń jẹ táì ọrùn rẹ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀. Mo bá a nù ún.

Àgádágodo wá ní, "A ò ní àdírẹ́sì wọn, Bàbá. Àmọ́ ẹ lè kọ ọ́ sí Ìbídùnní. Òun náà ń wá ìyá rẹ̀."

Ni mo bá jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Òbúkọ ará ilé kejì dúró lábẹ́ fèrèsé mi, ó ń ké.

Nígbà tí Fáṣèyí dé, mo ní kó fi èyí tó ń ti lẹ́tà pa sínú kọ̀ǹpútà náà fún mi. Ó lọ tán, mo jókòó, mo ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: "Ìbídùnní, àárò ìyá rẹ ń sọ mí gan-an. Ṣé ó ń sọ ìwọ náà?"

Mo ti fi ránṣẹ́. Kò tíì dáhùn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn.