Ewúrẹ́ Tó Fẹ́ Jẹ Orúkọ Láoyè

Bọ̀dá Akínwándé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé ṣòkòtò yín lẹ wá gbà. Kò tíì parí, àlá ló fà á. Ẹ̀yin télọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ dá ẹ̀rọ yín dúró ná, kí ẹ bá mi gbọ́ ọ. Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o. Àbí kẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ ṣáà mọ Láoyè, àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, máàkì rẹ̀ ò sì tó. Àwọn ọmọ ìwòyí wá ní eré kan tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù. Ẹnìkan á béèrè pé, "Èsì ìdánwò rẹ dà?" Ọmọ náà á kúnlẹ̀, á fọwọ́ tilẹ̀, á ti bébà sẹ́nu, á máa rún un, á sì ké "Mẹ̀ẹ́ẹ̀!" bí ewúrẹ́. Gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe é káàkiri. Láoyè náà ṣe tiẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, tèmi ti di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ bá mi fi iyọ̀ sí bébà náà." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú bí mi. Mo já fóònù náà gbà.

Mo ní, "Ẹni tó fìdí rẹmi ló ń rẹ́rìn-ín? Ojú ò tì ọ́? Pa á rẹ́ kíá!"

Ó ní, "Ẹ má bínú, àǹtí mi." Ó pa á rẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, ọmọ náà ò sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Oúnjẹ rẹ̀ ń tutù sínú abọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n olórí kunkun ni mí, n ò bi í léèrè nǹkan kan.

Bí mo ṣe gbórí lé tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ lánàá nìyẹn. Sísọ́ọ̀sì mi bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Rẹ̀mílẹ́kún, dìde, wọ́n ń pè ọ́ ní ọ́fíìsì tí orúkọ àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò wà. Mú téèpù dání." N ò bi í pé ìgbà wo ló ti ń sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń ṣiṣẹ́, bóyá ó kàn ń wò mí níran ni.

Mo jáde, mo rí ọ́fíìsì náà lókè igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, ó ń léfòó nínú afẹ́fẹ́. Mo ju téèpù sókè, ó gbá fèrèsé mú, mo ń gùn ún lọ. Nígbà tí mo dé íńṣì ọgọ́ta, ó tán. Téèpù ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ibi tí mo mọ nìyí." Ó wá mí kanlẹ̀, ó fi íńṣì mẹ́rin kún un, mo sì wọlé.

Yéè! Àwọn ọ̀dọ́ tò lọ rẹrẹẹrẹ nínú ọ́fíìsì náà, wọ́n ti fi òwú rán ẹnu gbogbo wọn pa. Mo súnmọ́ wọn, mo wo ojú ibi tí wọ́n rán. Kókó méjì méjì ló wà ní ìparí rẹ̀. Ta ló ń ta kókó méjì nínú ẹgbẹ́ wa bí kò ṣe èmi? Láoyè ló wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ ní àfọ̀jù, mo ń rí ògiri gba ara rẹ̀ kọjá.

Ọ̀gá kan wà nídìí tábìlì, ó wọ táì. Ó ní, "Ìwọ ni télọ̀? Wá wọn ṣòkòtò fún mi." Mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, méjì. Mo tún un wọn, mẹ́rin. Mo kọ mẹ́rin sílẹ̀. Oníbàárà ṣáà ni oníbàárà. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń jẹ ìwé orúkọ. Bó bá ti gbé orúkọ kan mì, ọmọ kan á pòórá lórí ìlà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ ti Láoyè."

Ó ní, "Èèṣe? Ìwọ tá a fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Orúkọ ọmọ tó bá ń rẹ́rìn-ín máa ń há mi lọ́fun. Ìwọ lo bá wa rán ẹnu wọn. Jókòó, kí o jẹ ìrẹsì."

Mo ní, "Rárá sà. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi, n kì í jẹun lójú àlá."

Òbúkọ náà wò mí títí. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé àlá ni?"

Hà! Mo fa sísọ́ọ̀sì yọ lápò, mo ní kó tú òwú ẹnu àbúrò mi. Ó ní, "Aṣọ nìkan ni mò ń gé. Ẹnu lo fi rán èyí, ẹnu ni kí o fi tú u." Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu èmi náà ti rán pa, pẹ̀lú kókó méjì. Òbúkọ gé orúkọ Láoyè jẹ. Ẹsẹ̀ ọmọ náà pòórá, ó ku orúnkún sókè. Mo fi gbogbo agbára mi ké, òwú já, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi ni "Mẹ̀ẹ́ẹ̀!"

Mo ta jí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo tún gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé: "Mẹ̀ẹ́ẹ̀!" Ẹ sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń sin ewúrẹ́ ládùúgbò wa.

Mo sá jáde láì wọ bàtà. Láoyè ló wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tilẹ̀, fóònù rẹ̀ fara ti korobá, bébà wà lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó tu ú dànù, ó sáré nawọ́ sí fóònù.

Ó ní, "Ẹ má bínú, àǹtí mi, mo ń pa á rẹ́. Àwọn tó ń kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí n lè dìde láàárọ̀."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Méjì ni, wọ́n pé. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, mo mú èyí tó kù nínú bébà náà, mo tì í sẹ́nu, mo sì ké "Mẹ̀ẹ́ẹ̀!" sójú fóònù. Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, èmi sì ń sunkún.

Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni mo tó mọ̀ pé inú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ló ti ya bébà náà. Tiyín ni, Bọ̀dá Akínwándé. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí n tún ẹsẹ̀ yín wọn.