Òtútù Òṣogbo

Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo Ifẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, kí ó má wulẹ̀ wá rédíò kiri. Kí ó lọ sọ ọ́ fún Ìyá Ìlódè. Kì í ṣe pé ìyá náà burú o. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni kì í gbé inú rẹ̀. Bí ọmọ ọmọ rẹ̀ kan bá yege ìdánwò láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn tó ń tajà ní Enuwà ti gbọ́, wọ́n sì ti ń bá a dúpẹ́.

Ẹnu náà ló fa ohun tí ojú Ọláfimíhàn rí lọ́dún 1993. Ọláfimíhàn ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìmọ̀ òfin. Ó wá rí ààyè ní ìlú Ọba láti lọ ka ìwé gboyè ọ̀mọ̀wé lórí òfin ilẹ̀ ẹbí. Ìyá Ìlódè, tó jẹ́ ìyá ìyá rẹ̀, kò gbọ́ ọ tán tó fi tú u síta. Ó ní Àkànní òun ń lọ kàwé òfin dé ibi tí ìwé parí sí. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n gbàdúrà títí ohùn há. Ó ku díẹ̀ kó gbéra ni wọ́n fi físà dù ú. Ó pẹ́ gan-an tí àwọn èèyàn ṣì ń pàdé rẹ̀ ní Òkèrèwè tí wọ́n ń bi í pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ìgbà wo lẹ dé?"

Nígbà tí físà wá jáde lọ́dún 1995, ìyá rẹ̀, Màmá Dorcas, ṣe òfin tirẹ̀. Ó ní etí kejì kò gbọdọ̀ gbọ́ títí bàálù yóò fi balẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Pàápàá ìyá mi," ló wí. "Mo fẹ́ràn wọn o, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò nílẹ̀kùn."

Ọláfimíhàn tó ń fi àlàyé òfin jẹun gba òfin náà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń gún un lọ́kàn. Ó kéré tán, ẹ̀kọ́ náà yóò gba ọdún mẹ́rin. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá kò ṣe é gbọ́ sétí, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un kò sì ní owó pé à ń wálé wá kí èèyàn nínú. Ìyá Ìlódè sì ti darúgbó. Bí òun bá lọ láìdágbére, ó lè jẹ́ pé ojú òun àti tirẹ̀ kò ní ṣe mẹ́rin mọ́ láyé. Ó fẹ́ kí ìyá náà gbọ́wọ́ lé òun lórí, kí ó sì mọ ohun tí ó ń gbàdúrà sí.

Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, ó gba Ìlódè lọ. Ó bá ìyá náà lórí àpótí níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, mo ní kí n yà kí yín ni. Mò ń lọ sí Òṣogbo lọ́la. Mo ní iṣẹ́ díẹ̀ ní kóòtù ibẹ̀."

Ìyá náà wò ó, ó tún wo ẹ̀gúsí.

"Òṣogbo. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òtútù pọ̀ ní Òṣogbo nísinsìnyí."

Ọláfimíhàn gbójú sókè.

"Àyànlọ́wọ̀ tó ń ta òkìríkà ló wí fún mi pé o ra kóòtù onírun nínú ooru yìí. Ìyá rẹ náà wá yá odó mi, ó gún ata, ó tún gún òmíràn. Mo ní, àṣé ata ti tán l'Óṣogbo."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ọláfimíhàn, ṣùgbọ́n ẹkún ló sún mọ́ ọn jù. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Òṣogbo ni mò ń..."

Ìyá náà fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Má sọ ọ́. Bí o bá sọ ọ́ fún mi, màá sọ. Mo mọ ara mi. Ohun tí wọn kò bá sọ fún mi nìkan ni mo lè pa mọ́. Nígbà ìjọsí, ẹnu mi ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Wọn kò wí i lójú mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Jẹ́ kó jẹ́ Òṣogbo."

Ọláfimíhàn kúnlẹ̀. Ìyá náà gbọ́wọ́ lé e lórí.

"Òṣogbo tí ò ń lọ, wàá dé ibẹ̀ láyọ̀. Ìwé tí o bá kọ níbẹ̀, wọn kò ní dá a padà fún ọ. Bí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ bá bi ọ́ léèrè, ẹnu rẹ kò ní wúwo. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti dé Òṣogbo rí, wọ́n ní ilẹ̀ ń tètè ṣú níbẹ̀ nígbà òtútù, pé èèyàn lè wà nílé kan kó má mọ ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ọkàn rẹ kò ní ṣú. Wàá rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ má fẹ́ èyí tí kò ní lè bá wa jẹ iyán o."

"Àmín," ni Ọláfimíhàn ń wí, títí tí omijé kò fi jẹ́ kó lè wí i mọ́. Ó fẹ́ràn ìyá yìí ju bó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá náà gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Òṣogbo yẹn jìnnà sí èmi díẹ̀, Àkànní. Bí o bá dé tí o kò bá mi, má bá ìyá rẹ jà. Sọ fún un pé o dágbére fún mi."

Ìyá Mojíre tó ń gbé ilé kejì ń kọjá lọ, ó rí ojú Ọláfimíhàn, ó dúró.

"Màmá, ṣé kò sí o? Kí ló ń pa lọ́yà wa lẹ́kún?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Ìyá Ìlódè dáhùn. Ó tún mú ẹ̀gúsí, ó ń bó o. "Òṣogbo ló ń lọ. Ọ̀túnla ló ń bọ̀."