Àròkọ Tó Mú Òbúkọ Dìde

"Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, ẹnu iṣẹ́ ìjọba ni mo sì wà nígbà tí mo lá a."

Báyìí ni Ìyáàfin Ọlábímpé Ọ̀jẹ́wùmí ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà ìsinmi ráńpẹ́. Kò sí ẹni tó bá a wí, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì sùn lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba rí nínú gbogbo wọn.

Olùkọ́ Yorùbá ni ìyá yìí ní ilé-ìwé girama kan ní Ìpetumodù. Ó ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ àròkọ: kí olúkúlùkù wá ohun kan tó ń fẹ́ nílé-ìwé, kí ó sì kọ ọ́ lọ́nà tí yóò fi yí ọ̀gá àgbà lọ́kàn padà. Èyí tó bá gba máàkì jù ni wọn yóò kà sí ọ̀gá fúnra rẹ̀ létí lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló dé iwájú rẹ̀. Ó ti máàkì gbogbo wọn tán, ó kù kí ó kọ máàkì wọn sínú ìwé àkọsílẹ̀. Oòrùn ń ta, ẹ̀bà ọ̀sán sì ti dé ibi tó ń lọ. Orí rẹ̀ bá rọra tẹ̀ síwájú.

Bírò pupa ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mà, mi ò kọ̀wé mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ó ti rẹ̀ mí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ 'Tún un ṣe.' Mi ò tíì kọ 'O ṣeun' lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fẹ́ kí n máa bá a lọ, ẹ yí mi lọ́kàn padà."

Ìyáàfin rò ó wò, ó rí i pé ọ̀rọ̀ bírò kò burú. Ó dìde, ó wú ikọ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, ẹ̀yin olùtọ́jú àkókò…"

"Adájọ́ wo ló wà níbí?" ni bírò bi í. "Èmi nìkan lẹ ń bá sọ̀rọ̀."

Kí ó tó rí èsì fọ̀, yàrá àwọn olùkọ́ ti gbéra nílẹ̀. Wẹ́rẹ́ ló ń gòkè, bí àkàrà ṣe ń léfòó lórí epo. Wọ́n kọjá lórí ibi tí àwọn amọ̀kòkò ń sá ìkòkò sí, wọ́n kọjá lórí ilé Ìyáàfin fúnra rẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí aṣọ rẹ̀ lórí okùn. Ohun kan ṣoṣo tó kọ ọ́ lóminú ni pé kí òjò má lọ rọ̀ kí òun tó padà.

Inú ìkùukùu ni yàrá náà gúnlẹ̀ sí, níwájú ọ́fíìsì ńlá kan. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé: ILÉ IṢẸ́ ÌDÍWỌ̀N ÀRÒKỌ. Ẹ NU ẸSẸ̀ YÍN. Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọlé.

Àwọn àròkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta ló tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ ilé-ìwé, máàkì tó fún wọn sì wà níwájú orí wọn gbàgàdà. Àwọn tó gba méjìlá kò bá àwọn tó gba mẹ́wàá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan wá tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti sáré lọ mú àmì ìdánudúró tó gbàgbé sílé.

"Má pẹ́ o," ni Ìyáàfin wí.

Nínú yàrá, ọkùnrin bọ̀rọ̀kìnní kan tó wọ kóòtù jókòó. Alábòójútó Àgbà ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, olùkọ́. Ìlànà tí ẹ fi ń fúnni ní máàkì dà?" Bí Ìyáàfin ṣe nawọ́ ìwé náà sí i, ọkùnrin náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìwo yọ lórí rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ó sì di òbúkọ. Awò ojú rẹ̀ kò ṣí kúrò níbi tó wà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni Ìyáàfin wí.

Akọ̀wé tó dúró ti òbúkọ rọra sọ fún un pé, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà. Bí ọ̀gá ṣe máa ń rí nìyẹn tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán."

Òbúkọ jẹ ìlànà náà. Ó jẹ máàkì ìfáárà, ó jẹ ti òwe, ó jẹ ti ìkádìí. "Iyọ̀ rẹ̀ kò tó," ló wí. Ó nu ẹnu, ó ní, "Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lórí ìjókòó yìí. Wọ́n ti bẹ̀ mí, wọ́n ti fi okùn fà mí, mi ò dìde. Àròkọ tó bá mú mi dìde ló yege. Bí kò bá sí, màá jẹ gbogbo wọn."

Ìgbà yìí ni àyà Ìyáàfin tó já. Iṣẹ́ ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kì í ṣe ohun tí à ń fi bọ́ òbúkọ.

Kíá ló ti pe àròkọ Akínwándé síwájú, èyí tó gba mẹ́tàdínlógún nínú ogún. Tòun ti agbádá lórí aṣọ ilé-ìwé ló wọlé. Ó kí adájọ́, ó kí olùtọ́jú àkókò, ó kí àwọn ìjòyè tí kò sí níbẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa òwe. Nígbà tó pa òwe kọkànlá, òbúkọ dá a dúró.

"Kí lo ń fẹ́ gan-an?"

Àròkọ náà ṣí ara rẹ̀ wò níwájú, ó ṣí i wò lẹ́yìn. "Mo ṣì ń bọ̀ níbẹ̀, sà."

Òbúkọ fi apá agbádá rẹ̀ panu. Báyìí ni wọ́n ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òbúkọ kò sì mira, títí ó fi ku ẹyọ kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ojú ìwé kan péré ni. Méje tó wà níwájú orí rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ti Mọ́rẹ́nikẹ́ ni, ọmọbìnrin kan tí kì í nawọ́ ní kíláàsì. Ojú ti Ìyáàfin, ó fẹ́ fi ara bò ó, ṣùgbọ́n àròkọ náà ti kọjá lábẹ́ apá rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà," ló wí. "Bẹ́ńṣì kan ni mo ń fẹ́. Àwa mẹ́ta la ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti kán. Etí ni mo máa ń wà. Bí ẹni tó wà ní etí kejì bá dìde dáhùn ìbéèrè, èmi a ṣubú. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má mọ ìdáhùn. Àdúrà mi sì ń gbà, sà. Èsì ìdánwò wa burú gan-an."

Ó parí síbẹ̀. Òbúkọ ṣíwọ́ jíjẹ.

"Ta ló fún un ní méje?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló ṣe?"

"Kò kí adájọ́, sà."

"Ó kí mi."

"Kò pa òwe, sà."

"Ṣé òwe ni yóò jókòó lé ni?"

Ìyáàfin rántí pé nígbà tí òun ka ìwé náà, òun rẹ́rìn-ín, àánú ọmọ náà sì ṣe òun. Ó wá ibi tí ẹ̀rín àti àánú wà nínú ìlànà, kò rí i, ó sì kọ méje.

Òbúkọ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó dìde. Ìgbà náà ni Ìyáàfin tó rí i pé bẹ́ńṣì ni òbúkọ jókòó lé, àti pé òun gan-an ló wà ní etí kejì. Bẹ́ńṣì náà ta sókè, ọ́fíìsì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ìyáàfin sì gba inú ìkùukùu já bọ́.

Ilẹ̀ yàrá àwọn olùkọ́ ló ti bá ara rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Àlàó, olùkọ́ ìṣirò tí wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ti dìde lọ mu omi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Àlàó wí. "Mi ò mọ̀ pé etí lẹ wà."

Ìyáàfin gbọn aṣọ rẹ̀. Ó wá ìwé Mọ́rẹ́nikẹ́ jáde, ó fagi lé méje, ó kọ mẹ́rìndínlógún. Àmì ohùn ló gbé mẹ́rin lọ, kò lè torí àlá fi ìyẹn jì í. Kò dúró de ọjọ́ Ẹtì, ó gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá kà á, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó kù, kò kù. Ó béèrè kíláàsì tí ọmọ náà wà, ó sì ránṣẹ́ pe káfíńtà.

"Akínwándé ńkọ́?" ni Ọ̀gbẹ́ni Àlàó bi í nígbà tí Ìyáàfin rọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀.

"Mo dá ìwé rẹ̀ padà. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tó ń fẹ́ fún mi."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní kí n fún òun di ọjọ́ Ajé."