Irin Tí Ọkọ Mi Tẹ́ Dé Etí Omi

Ní Ejìnrìn, tí wọ́n bá fẹ́ gbé ọkọ̀ tuntun lọ sómi, ẹni tó kàn án ló máa ń gbé orí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò á gbé ara àti ìdí, ìyàwó ẹni tó kan ọkọ̀ á sì ti se ìkọ́kọrẹ́ ìkòkò ńlá dè wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé Ògúnsànyà ni mo ti ń sè é, kò sì sẹ́ni tó jẹ ẹ́ tí kò lá ọwọ́.

Ọdún 2005 ni Ògúnsànyà ọkọ mi já bọ́ láti orí ọkọ̀ tó ń kàn, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Ó ń rìn, ó ń rẹ́ pákó, ó ń kan ìṣó, àmọ́ kò lè gbé ohun tó wúwo mọ́. Ni àbúrò rẹ̀ bá kó àwọn àgbà ẹbí wá sí pálọ̀ wa. Adéòjó lorúkọ àbúrò yìí, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, Bàbá-kékeré ni mò ń pè é.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹni tí kò lè gbé orí ọkọ̀ mọ́, ṣé kò yẹ kó fi ṣọ́ọ̀bù ẹbí wa sílẹ̀ fún ẹni tó lè gbé e?"

Bàbá Mojúbàolú, olórí ẹbí, dájọ́. Ọkọ̀ Godwin, apẹja Ìlàjẹ tó ń gbé létí ọ̀sà, ni ọkọ mi ń kàn lọ́wọ́. Tí ọwọ́ Ògúnsànyà bá mú orí ọkọ̀ náà dómi, ṣọ́ọ̀bù ṣì jẹ́ tirẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Adéòjó gbà á.

Wọ́n ní mo gbàgbé láti sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò gbàgbé.

Ọkọ mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọ mọ́tò lọ sí Ìkòròdú, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jó irin. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ìyá Dámiláre, mo rí géètì kan ní ẹ́sítéètì kan. Irin gidi, ó ga ju ilé yìí lọ, ọmọbìnrin kékeré kan ló sì fi ọwọ́ kan tì í. Táyà irin wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń yí lórí irin tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀."

"Ọkọ̀ wá di géètì?"

"Ṣáà máa wò mí."

Ó ra irin tó ṣẹ́po bí ìwé tí a ṣí dé ìdajì, ó tẹ́ ẹ ní ìlà méjì lórí pákó láti ṣọ́ọ̀bù dé etí omi, ó sì fi igi àti táyà irin kan kẹ̀kẹ́ méjì, ọ̀kan fún orí ọkọ̀, ọ̀kan fún ìdí. Inú irin náà ló kọjú sókè bíi gọ́tà, inú rẹ̀ ni táyà ń gbà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ di pákó lé kẹ̀kẹ́ náà, kẹ̀kẹ́ fò jáde, pákó dà sílẹ̀. Bàbá-kékeré ń kọjá lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ilé rẹ̀.

Èmi ni mò ń gbá ṣọ́ọ̀bù yẹn láràárọ̀, mo sì mọ ibi tí ìdọ̀tí ń sá sí. Iyanrìn àti ìyẹ̀fun pákó ti kún inú irin.

Mo ní, "Ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀, kó dà bí òrùlé. Ṣé iyanrìn ń dúró lórí òrùlé ni?"

"Táyà á yọ̀ kúrò lórí ẹ̀."

"Táyà géètì tí ẹ rí ńkọ́, ó ń yọ̀?"

Ó gbá orí ara rẹ̀. Táyà géètì náà ní kòtò láàárín, ó gun irin bí ìgbà tí èèyàn bá gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

"Àṣé ọmọbìnrin tó ń tì í lẹ̀ ń wò," ni mo wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó dojú irin bolẹ̀, ó sì padà sí Ìkòròdú lọ gbẹ́ táyà mìíràn tó ní kòtò.

Nígbà tọ́jọ́ pé, Bàbá-kékeré kó àwọn ọkùnrin dé. Ó wo ẹ̀yìnkùlé wa.

"Ìyàwó wa, mi ò rí èéfín."

"Ẹ ò ní rí i lónìí, Bàbá-kékeré."

Tí kẹ̀kẹ́ yẹn bá tún fò, èmi náà á di ẹlẹ́yà pẹ̀lú ọkọ mi. Síbẹ̀ mi ò dáná sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọkọ̀ ti wà lórí kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Godwin so okùn mọ́ ìdí rẹ̀, ó yí i mọ́ kùkùté, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi nìkan ló dúró níwájú, ọwọ́ rẹ̀ mú orí ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ọkùnrin méjìlá kì í gbé láìmí hẹlẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e. Nígbà tó dé ibi tí pákó ti dà sílẹ̀ lọ́jọ́sí, Bàbá-kékeré sáré na ọwọ́ láti dì í mú.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò," ni ọkọ mi wí.

Táyà kọjá. Ọkọ mi wọ omi dé orúnkún, ó wọ̀ ọ́ dé itan, ọkọ̀ sì léfòó. Godwin fò sínú rẹ̀, ó ń pariwo "Olúwa ṣeun!" Mo sunkún, mi ò fi pamọ́.

Bàbá-kékeré ní, "Kẹ̀kẹ́ ló gbé e."

Bàbá Mojúbàolú bi í pé, "Ọwọ́ ta ló mú orí ọkọ̀?"

Ọkọ mi jáde nínú omi, ó ń kán tótó. "Ìyá Dámiláre, ebi ń pa mí o. Ṣé lóòótọ́ ni o ò dáná?"

Mo wọlé. Sítóòfù kì í yọ èéfín tí aráyé ń rí. Mo gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ kan ṣoṣo jáde, orí ẹja lórí rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un lójú gbogbo wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní, "Tiwa ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹni tó gbé ọkọ̀ ni mo sè é fún."