Àyè Ìdàgbà Nínú Bàtà Pupa

Aránbàtà kan wà. Bó bá mú àdúrà bọnu ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà a máa mi orí, àwọn ìyá a ti máa kérora àmín kó tó parí gbólóhùn kan. Oríkì ni yóò máa tò: Ọba tí kì í re àjò kí ilé rẹ̀ dá páropáro, Alágbára tí í fi ọwọ́ kan gbé òkè, tí í fi ìkejì nu omijé ọmọ òrukàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò fara mọ́ ọn: ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Àgbà nítorí ẹnu rẹ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

“Bàbá mi, ṣé Ọlọ́run ti gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ ni ẹ ṣe ń kà á fún un?”

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Màmá Àgbà, ìwọ náà gba tìrẹ ká gbọ́.”

Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì sókè, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń nà án sí bàbá rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá rẹ̀ ẹ́ lójú títì. “Bàbá, èmi nìyí o. Ẹ gbé mi.” Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. “Ó tán.”

“Àmín ńkọ́?”

“Ó ti gbọ́ kí n tó dé àmín.”

Ẹsẹ̀ a máa tètè rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, nítorí ihò kan wà nínú ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, ètè rẹ̀ a dúdú bí ẹni tó lá yíǹkì. Nígbà tí dókítà dá ọjọ́ tí wọn yóò la àyà rẹ̀ láti dí ihò náà, bàtà pupa ló ní kí wọ́n rán fún òun, èyí tí òun yóò fi ẹsẹ̀ ara òun wọ̀ lọ sí iléèwé.

Bàbá rẹ̀ yan awọ tó rọ̀ jù. Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé páálí, ó fi pẹ́ńsù yí i ká, ó gé e, ó rán an. Ọmọ náà ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fi ìka tẹ imú bàtà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Bàbá mi, àyè ìdàgbà dà?”

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá tó kọ́ aránbàtà níṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn: a kì í gé bàtà ọmọdé ṣe rẹ́gí, àyè àtàǹpàkò kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù níwájú, torí ọmọ ń bọ̀ wá dàgbà. Ogún ọdún ló ti ń ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ, kò gbàgbé rí. Ti ọmọ tirẹ̀ ló wá gé ṣe rẹ́gí. Ọwọ́ rẹ̀ ti sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò jẹ́ sọ.

“Mo ṣèèṣì ni, Màmá Àgbà.”

“Ẹ gé òmíràn. Mo ti sọ fún Bàbá òkè pé mo fẹ́ dàgbà.”

Ó gé òmíràn. Ó fi àyè sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Ó na ọwọ́ méjèèjì. “Bàbá mi, ẹ gbé mi dé ẹnu ọ̀nà.”

Nọ́ọ̀sì mi orí. “Ẹ má bínú, Dádì. A ti fún un lábẹ́rẹ́, kò ṣeé gbé mọ́.”

Aránbàtà fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọmọ wò ó títí, ó gbé ojú sí àjà, kò sọ ọwọ́ kalẹ̀. “Kò burú. Bàbá òkè á gbé mi.” Báyìí ni wọ́n ṣe tì í wọlé, tòun ti ọwọ́ kékeré méjì lókè.

Oòrùn kò tíì kúrò ní àtàrí nígbà tí dókítà jáde. Kò tíì la ẹnu tí ìyá ọmọ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bàtà kejì, èyí tó ní àyè, ni wọ́n wọ̀ fún un tí wọ́n fi sin ín. Àwọn tó wá kí wọn ní, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Ìyá ọmọ dáhùn pé, “Omi yẹn nìkan ni mo pọn.” Lọ́jọ́ Ìsinmi, olùṣọ́ ìjọ ní kí aránbàtà gbàdúrà. Ó dìde, ó la ẹnu, oríkì kan kò wá. Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà kò gbàdúrà mọ́, ì báà ṣe lórí oúnjẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, bàtà pupa àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka wá àyè tí kò sí níbẹ̀.

“Olówó orí mi, ẹ gbé e sílẹ̀.”

“Ọwọ́ yìí ló pa á. Ọmọ gbà gbọ́, èmi tí mò ń pariwo oríkì ni mi ò gbà gbọ́. Ojú wo ni màá fi wo Ọlọ́run?”

Obìnrin náà jókòó ti àpótí ìṣó. “Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ọmọ wa fọ́ àwo mi? Mo fi ìbínú pè é. Ẹ rò pé ẹ̀yin ni yóò sá bá. Èmi tí ọmọ ṣẹ̀ gan-an ló wá bá, ó nawọ́, ó ní kí n gbé òun.” Ó fi etí aṣọ nu imú. “Inú ń bí mi sí Ọlọ́run, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ilé ẹlòmíì tí mo lè gbé ẹkún yìí lọ.”

Ọkùnrin náà gbé bàtà kalẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ọwọ́ àgbà, tí gọ́ọ̀mù gbẹ mọ́ èékánná rẹ̀.

“Bàbá.” Oríkì fẹ́ wá, ó jẹ́ kó kọjá. “Èmi nìyí o. Ẹ gbé mi.”

Níta, ẹnì kan ń kan ìṣó mọ́ pákó. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ìrora náà dé èjìká, ó dé ẹ̀yìn ọrùn. Kò sọ ọwọ́ kalẹ̀.